Délé, Ya Ìka Ẹsẹ̀ Rẹ Wò

Àkúrẹ́,
Oṣù Keje.

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí. Ẹrẹ̀ ni gbogbo etí Ọjà Ọba.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kí kírẹ́díìtì mi tó tán ni mo fi ń kọ̀wé yìí. O ní ẹsẹ̀ máa ń yún ọ tí o bá ti bọ́ bàtà iṣẹ́ lálẹ́. O ní àwòrán tí o rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pupa, tìrẹ ò pupa, nítorí náà kì í ṣe àrùn àárín ìka ẹsẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní athlete's foot. Ẹ̀rín pa mí, torí ibẹ̀ gan-an lèmi náà ti ṣìnà. Ẹsẹ̀ òyìnbó ni wọ́n yà síbẹ̀! Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú ju awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì lè rí bí eérú.

Àárín ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e ni kí o kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ló há jù, omi kì í tètè gbẹ níbẹ̀. Tèmi funfun, ó rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, á bó. Nígbà tó yá, ó là, omi lásán ń ta mí níbẹ̀. Ti òórùn ńkọ́? Ìyàwó mi ní kí bàtà oko máa sùn síta.

Bàtà òjò ni mo fi kó o, èyí tí mo ń wọ̀ lọ sóko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Ẹsẹ̀ á máa làágùn nínú róbà láti àárọ̀ dalẹ́. Bàtà onírin tìrẹ náà kò sàn jù ú lọ. Ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló ń jẹ awọ yẹn, ooru àti ọ̀rinrin ló sì ń fẹ́. Ìyá ìyàwó mi ní mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ní oríta. Díẹ̀ ló kù kí n gbà.

Oníkẹ́míìsì kan wá ta òògùn ìpara fún mi, ó ní kò sí àrùn awọ tí kò lè wò. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, yíyún lọ. Bí mo ṣe dáwọ́ dúró, ó padà, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ dé gìgísẹ̀, ó gbẹ, ó ń bó bí ìyẹ̀fun. Dókítà ló sọ fún mi pé stẹ́rọ́ìdì wà nínú ìpara náà: ó ń mú kí yíyún dákẹ́, nǹkan náà sì ń gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Clotrimazole lásán, ìpara tó ń pa ohun tó ń jẹ awọ yẹn, ló kọ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ní kí n máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ bá ti jọ pé ó jinná.

Ọmọ ìyá ni òun àti làpálàpá, èyí tó máa ń rí róbótó, tí etí rẹ̀ á ga, tí àárín á mọ́. Ó lè ti ẹsẹ̀ dé abẹ́, nítorí náà wọ ìbọ̀sẹ̀ kí o tó wọ pátá, má sì fi táwẹ́ẹ̀lì kan náà nu méjèèjì. Ti orí ọmọ mi kékeré, tí irun ń kán níbẹ̀, ìpara ò ràn án. Oògùn mímu ló lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí èékánná bá sì nípọn, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó lè jẹ́ òun náà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ òkè ẹsẹ̀, níbi tí awọ bàtà ti ń kàn ọ́, ló ń yún, tí àárín ìka mọ́, ó lè jẹ́ bàtà náà ni ara rẹ kọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá wú, tó gbóná, tàbí tó ṣọyún, ilé ìwòsàn ni o. Ìwọ tí wọ́n ní ṣúgà rẹ ga lọ́dún tó kọjá, má tilẹ̀ dúró dìgbà yẹn.

Tan iná lálẹ́ òní, ya àwòrán àárín ìka náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má fi ránṣẹ́ lásìkò oúnjẹ o, mo mọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Kọ́lá.