Sílọ́ọ̀gì kò fẹ́ ẹnu ìbọn tó há

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn ìwé ìròyìn. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé kálàmù. Ọmọkùnrin ọdẹ kan láti ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ ló kọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí sílọ́ọ̀gì, ìyẹn ọta òjé ńlá kan ṣoṣo tó ń wà nínú kátíríìjì, lọ tààrà, kí ó wá ìbọn tí ṣóòkù rẹ̀, ibi tí ẹnu ọ̀pá ti fún, há jù lọ, torí pé bí a bá fi ìka dí ẹnu họ́ọ̀sì, omi á lọ jìnnà, á sì lọ gọ́ńgọ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bọ́ gíláàsì mi sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ rí, odidi ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan ni mo fi san owó ẹ̀kọ́.

Káfíńtà ni mí, ní Òmí-Adió. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà ló lò títí ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ: á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá kì í, á da ọta lé e, á tún kì í. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra ìbọn oníkátíríìjì nílé wa, dọ́bù bárẹ̀ẹ̀lì nọ́ńbà 12. Mo gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí n tó fọwọ́ kàn án, nítorí òfin ìbọn tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1959 kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dún yẹn náà ni mo ra kátíríìjì sílọ́ọ̀gì mẹ́wàá. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Bàbá, ọ̀pá òsì ni kí ẹ fi yìn ín. Ibẹ̀ ló há. Kò ní yà.”

Ó yà.

Àárọ̀ kùtù ni, ìrì ṣì wà lórí ewé ẹ̀gẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan wà láàárín oko mi, ó ń fi imú tú ebè bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ sí mi, ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi gbàgàdà. Mo fa ti òsì. Ìdí ìbọn gbá mi léjìká, ẹlẹ́dẹ̀ gbé orí sókè, ó wò mí, ó wọgbó lọ. Lára igi kòkó kan lápá ọ̀tún ni mo ti rí ojú ọta, ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà síbi tí mo tẹjú mọ́. Ìyàwó mi ní ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo dákẹ́. Ọwọ́ tó ń la pákó láti ọdún yìí wá, tí ayùn kì í fi í yà kúrò lójú ìlà, òun ló wá gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan?

Mo tú ọ̀pá ìbọn náà kúrò lára ìdí rẹ̀, mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo mú ìwé àṣẹ mi dání, mo wọ ọkọ̀ Micra lọ sí Gate, n'Ìbàdàn. Awakọ̀ bi mí bóyá páìpù omi ni mo gbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ọkọ̀, òun ló fi vernier, irin ìwọ̀n tó ń ka mílímítà wẹ́wẹ́, wọ̀n ọ́n fún mi. Inú ọ̀pá méjèèjì jẹ́ mílímítà 18.5, bí ti nọ́ńbà 12 ṣe máa ń rí. Ẹnu ti ọ̀tún jẹ́ 18.2. Ẹnu ti òsì, 17.5. Odidi mílímítà kan ló fi há! Èyí ni wọ́n ń pè ní full. Ti ọ̀tún, tó há díẹ̀, ni improved cylinder. Tí kò bá há rárá, cylinder ló ń jẹ́. Modified wà láàárín, bí ìdajì mílímítà.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ fún ẹnu ìbọn pọ̀: kí ọta wẹ́wẹ́ má tètè fọ́n ká. Bí àparò bá fò lókèèrè, ẹnu tó há á kó ọta jọ bá a. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ọmọ wa ti bá a mu, torí ọta wẹ́wẹ́ ń ṣàn bí omi ni. Sílọ́ọ̀gì kì í ṣàn. Òjé kan gbọ̀ǹgbọ̀n ni, èyí tó wọ́pọ̀ wọn gíráàmù 28, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú ọ̀pá. Ẹ bi káfíńtà: bí a bá fi òòlù lu igi gba inú ihò tó kéré sí i, ẹ̀gbẹ́ kan á ha, igi á sì yọ lódì kejì ní wíwọ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èyí gbọ́ torí pé mo sọ ọ́. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé páálí nùdù lọ sóko, mo fi èédú ṣe àmì róbótó sí i láàárín, mo gbé e ti òkìtì ọ̀gán kan tó ga jù mí lọ. Mo ka àádọ́ta ìṣísẹ̀. Mo gbé ìbọn lé orí àpò èérún pákó, kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi sọ̀rọ̀ ọwọ́ gbígbọ̀n. Mẹ́ta ni mo fi ọ̀pá ọ̀tún yìn. Nígbà tí mo dé ìdí páálí, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi lé e, ó bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo pààrọ̀ páálí, mo fi ọ̀pá òsì yìn mẹ́ta. Ọ̀kan gba etí páálí lókè. Ọ̀kan kò kan páálí rárá, ara ọ̀gán ni mo ti bá a. Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu jù: ihò rẹ̀ kò rí róbótó, ó gùn bí ojú kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn ni pé ọta ń tàkìtì kó tó débẹ̀. Mo fi àdá wa èyí tó wọ ọ̀gán jáde. Ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀ ti ha, ó ń dán bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rándà fá a.

Àwọn kan á ní, ṣebí ìlà wà lára sílọ́ọ̀gì, ṣebí yóò yí bí ọta ráìfù? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà yẹn wà kí òjé tó rọ̀ náà lè rí ibi sún sí bí ẹnu ìbọn bá fún un díẹ̀. Yíyí tó ń yí kò tó nǹkan. Ohun tó ń gbé e lọ tààrà ni pé iwájú rẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn lọ, bí irin orí ọfà. Wilhelm Brenneke, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé ti tirẹ̀ jáde lọ́dún 1898: ó de nǹkan fúyẹ́ mọ́ ọta nídìí, ó sì ń bá ọta lọ bí ìyẹ́ ìdí ọfà. Karl Foster, ará Amẹ́ríkà, ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1931, ó dá ihò sínú ìdí rẹ̀ kí gbogbo ìwúwo lè wà níwájú. Ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni ẹni tí ọ̀pá ìbọn rẹ̀ dán nínú bíi tiwa gbọ́dọ̀ wá, kí ó sì fi cylinder tàbí improved cylinder yìn ín. Èyí tí wọ́n fi ike wé, tí wọ́n ń pè ní sabot, ìbọn tí wọ́n gbẹ́ ìlà sínú ọ̀pá rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Nínú ọ̀pá tó dán, ibi tó bá wù ú ló ń lọ. Bí ẹ bá sì fi gba ẹnu full, ìbọn gan-an lè bàjẹ́.

Bí mo ṣe wà níbí, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tó ń yọ́ òjé bátìrì mọ́tò wí. (Ọjà Òjé ni kí wọ́n lọ bí òjé bá wù wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á rí aṣọ òkè rà.) Wọ́n á tú kátíríìjì, wọ́n á da ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ nù, wọ́n á ki èyí tí wọ́n rọ sílé bọ̀ ọ́. Wọn kò wọ̀n ọ́n, wọn kò mọ bó ṣe wúwo tó, wọn kò mọ̀ bóyá ó tóbi ju ẹnu ìbọn lọ. Ọ̀pá ìbọn tó bẹ́ kò ní bi ẹ́ bóyá owó kátíríìjì lo fẹ́ ṣọ́.

Ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kóró kékeré kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ìbọn wa tí a fi ń wọ̀n; ojú rẹ lo fi ṣe ìkejì rẹ̀ lẹ́yìn. Fún ọta wẹ́wẹ́, kò le. Fún sílọ́ọ̀gì, bí o bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò lára igi ìbọn bí ìwọ̀n ìka kan kí o lè rí ẹran dáadáa, òkè orí ẹran náà ni ọta á gbà kọjá, kò ní bà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó gbà.

Èmi kì í yin sílọ́ọ̀gì ju àádọ́rin ìṣísẹ̀ lọ mọ́, mo sì máa ń wo ẹ̀yìn ẹran kí n tó wo ẹran. Òmí-Adió tí bàbá mi ṣọdẹ kọ́ nìyí. Ilé ti wọ ibi tí igbó wà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gba ọ̀nà oko kọjá. Ọta wẹ́wẹ́ ti àparò á ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀ọ́dúnrún mítà, ṣùgbọ́n sílọ́ọ̀gì tó bá tàsé lè kọjá ìdajì kìlómítà kó tó balẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga lẹ́yìn ẹran tàbí tí ọ̀gán wà nìkan ni mo ti ń yìn ín. Nínú igbó báyìí, sílọ́ọ̀gì ló ń wà ní ọ̀pá ọ̀tún, ọta wẹ́wẹ́ ti òyà ní ti òsì, mo sì fi ọ̀dà pupa kán ọ̀tún lára kí n má ṣì í mú lókùnkùn.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ó kọ̀wé dáadáa. Bí ó bá lè wá sí Òmí-Adió ní Sátidé kan, kí ó béèrè Bàbá Káfíńtà ní ìdí ọjà. Mo ní páálí, mo ní ọ̀gán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á yá wa ní vernier. Kátíríìjì tirẹ̀ ni kí ó mú wá, àti ìwé àṣẹ rẹ̀, torí ọlọ́pàá kì í wọ́n lọ́nà Abẹ́òkúta yìí.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Káfíńtà,
Òmí-Adió, Ìbàdàn.