Ẹ Má Fi Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aláìsàn Nìkan Dá A Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn dókítà àti àwọn agbanisíṣẹ́ létí. Bí ẹnì kan bá forí gbálẹ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, tí egbò rẹ̀ jinná, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, a ó gbà pé ó ti bọ̀ sípò, òun fúnra rẹ̀ la ó sì bi bóyá ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í, nítorí pé apá iwájú ọpọlọ, tó sábà máa ń fara gbá nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, wà lára ohun tí èèyàn fi ń mọ ibi tí agbára òun mọ. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, tí onítọ̀hún ní kò sóhun tó ṣe òun, kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe agídí. Kò mọ̀ ni.

Ìbátan mi kan tó jẹ́ káfíńtà padà sí ṣọ́ọ̀bù lásìkò tí kò yẹ. Á wọn pákó dáadáa, àmọ́ kó tó gbé ayùn, iye tó wọ̀n ti fò lórí rẹ̀, síbẹ̀ á gé e. Bó bá kúrú, á ní ọmọ iṣẹ́ ló sún teèpù. Àwọn oníbàárà ní ó ti ya ọ̀lẹ, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé olùtọ́jú kan ní kó máa sọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí yóò ṣe pẹ́ tó àti ibi tó ti lè ṣì í, kó sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ lojú rẹ̀ ń là. Bó sì ṣe ń là ni ìbànújẹ́ ń bá a, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún wa.

Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2010 fàyè gba ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ẹni tí ìjàǹbá bá lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ sílé. Owó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Kí dókítà tó fọwọ́ sí ìwé pé kí ẹnikẹ́ni padà, kó bi ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí èsì wọn bá ti yàtọ̀ sí ti aláìsàn ni kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kí agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú jẹ́ kó fi wákàtí díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójúmọ́, níbi tí kò ti ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó léwu, kó sì yan ẹnì kan tí onítọ̀hún fọkàn tán tì í, tí yóò máa sọ ojú abẹ níkòó fún un.

Èmi ni, òǹkàwé yín láti Ìbàdàn.