Ìkéde: Ẹrù àti àdúrà fún ìdílé míṣọ́nnárì wa ní Niamey

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ aládùúrà fún iṣẹ́ míṣọ́n, Adó-Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o.

Lẹ́tà ti dé láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ wa àti ìyàwó rẹ̀ ní Niamey, olú-ìlú Nìjẹ́ẹ̀, létí Odò Ọya, odò kan náà tí Àjàyí Crowther gbà lọ dá míṣọ́n sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857. Ara wọn le, àmọ́ ooru ń mú gan-an. Orí ẹní ní gbàgede ni wọ́n ń sùn. Bàbá ń kọ́ èdè Zarma, nítorí Faransé àti Haúsá nìkan ò tó láti bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá ń kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán lábẹ́ igi dongoyárò; bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ ni ìtàn Bíbélì ń bá a lọ. Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ló ká mi lára jù. Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá ti ń sá lẹ́nu àbúrò. Ìyá wọn bẹ̀ wá fún Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin, pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́.

Tiwọn ni a óò fi àdúrà Ọjọ́bọ̀ ṣe, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Ẹ kó ẹrù dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀sán Sátidé tó pé. Ẹ má gbé iṣu wá, yóò bàjẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ṣe é, kó fún akápò, òun ni yóò bá wa ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Nìjẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́