Ta Ló Kọ́kọ́ Ya Àwòrán Náà Kó Tó Di Fídíò?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé tí ẹ ti ń ṣàyẹ̀wò fídíò orin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ máa ń dárúkọ olórin níbẹ̀, ẹ máa ń sọ iye tí wọ́n ní àwọn ná, ìgbà míì ẹ tún máa ń dárúkọ ẹni tó darí fídíò. Ohun tí ẹ kì í bi wọ́n ni ibi tí wọ́n ti rí àwòrán inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú ohun tí à ń pàtẹ́wọ́ fún ló ti wà lára ògiri gálárì, tàbí nínú páálí nẹ́gẹ́tíìfù onífọ́tò kan, kí olórin ọ̀hún tó mọ̀ pé òun yóò kọrin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Lọ́dún 2011, Beyoncé gbé fídíò "Run the World (Girls)" jáde. Francis Lawrence ló darí ẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí obìnrin náà ti dúró, tó di ìkookò méjì mú ní ṣẹ́ẹ̀nì. Ẹni tó bá ń wo fọ́tò kò ní béèrè ibi tó ti wá. Pieter Hugo, onífọ́tò ọmọ South Africa, ti tẹ̀lé àwọn Hausa tó ń fi ìkookò, ọ̀bọ àti ejò ṣeré kiri ìlú, àwọn tí wọ́n ń pè ní gadawan kura, ó sì ya wọ́n láàárín 2005 sí 2007. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà tó gbajúmọ̀ jù, ọkùnrin kan àti ìkookò rẹ̀ tó ń jẹ́ Mainasara, Ògèrè-Rẹ́mọ ló ti yà á, níbi tí àwọn onítírélà ń sùn sí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Tí a bá wá ń sọ pé orí Òyìnbó pé, ká rántí pé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni wọ́n ti bu èyí. Lójú tèmi, fídíò náà mú ẹranko, ó fi àwòrán sílẹ̀. Nínú fọ́tò Hugo, àwọ̀ gbogbo ṣá bí ìgbà ọyẹ́, ọkùnrin náà sì tẹjú mọ́ kámẹ́rà láìrẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani. Nínú fídíò, ìkookò ti di ohun ọ̀ṣọ́ bíi bàtà.

Àmọ́ Bàmákò, ní Mali, ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù fún àwọn tó ń ya fídíò nílẹ̀ Yorùbá. Seydou Keïta ṣí sítúdíò fọ́tò níbẹ̀ lọ́dún 1948. Kámẹ́rà ńlá tó ń ya nẹ́gẹ́tíìfù sẹ̀ńtímítà 13 sí 18 ló ń lò, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló sì fẹ́ràn jù. Aṣọ tó kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà rẹ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì òun fúnra rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta, á pààrọ̀ ẹ̀, débi pé aṣọ ẹ̀yìn yìí ni wọ́n fi ń mọ ọdún tó ya fọ́tò. Oníbàárà tí kò ní aago, rédíò tàbí kóòtù á yá ti sítúdíò. Malick Sidibé tẹ̀lé e ní àdúgbò Bagadadji: aṣọ onílà ló ń ta sẹ́yìn nínú sítúdíò, tó bá wá dalẹ́, á gbé kámẹ́rà kékeré àti fíláàṣì lọ sóde àríyá àwọn ọ̀dọ́. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Hasselblad, ẹ̀bùn ńlá àwọn onífọ́tò lágbàáyé, ní 2003.

Ní 1997, Mark Romanek darí "Got 'til It's Gone" fún Janet Jackson. Ó da fọ́tò Bàmákò wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ti ìwé ìròyìn Drum ti South Africa, ó sì gbé gbogbo ẹ̀ sí àsìkò apartheid, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀. Fídíò náà gba Grammy lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó mú un dáa ni pé kì í ṣe aṣọ àtijọ́ nìkan ni wọ́n wọ̀. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dúró, wọ́n wo kámẹ́rà bí ẹni tó sanwó fọ́tò.

Láti ìgbà náà, aṣọ aláràbarà lẹ́yìn olórin ti di àṣà, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni kò sì dáa. Fífẹ̀ aṣọ ló kọ́kọ́ ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Fọ́tò Keïta sábà máa ń dúró lóòró. Fídíò ń sùn gbọọrọ, fífẹ̀ 16 sí gíga 9. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Bí olórin bá ga tó mítà 1.7, tí ẹ sì fẹ́ rí i látorí dé ẹsẹ̀, gíga àwòrán yín á tó mítà 2.1, fífẹ̀ rẹ̀ á sì tó mítà 3.7. Bí kámẹ́rà bá jìnnà sí olórin ní mítà 5, tí aṣọ wà ní mítà 2 lẹ́yìn olórin, ohun tí kámẹ́rà ń rí lára aṣọ ti di mítà 5.2 ní fífẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mítà 3 ní gíga. Ìbú ańkárá kò ju bí ínǹṣì 45 lọ, nítorí náà ìrépé márùn-ún lẹ máa rán pọ̀ lóòró. Bọ́ńdù oníyáàdì 12 méjì ló máa ká a: ẹ gé e ní yáàdì mẹ́rin-mẹ́rin, ìkẹfà á di títẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ra yáàdì mẹ́fà péré á rí ògiri àti wáyà iná lápá méjèèjì, á wá ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà bá òun bò ó. Wọ́n á bò ó, owó rẹ̀ á sì ju ti ańkárá lọ.

Aṣọ tún ní àrùn mìíràn. Ìlà wẹ́wẹ́ máa ń jó lójú fídíò. Kámẹ́rà òde òní ń fi ìlà kéékèèké tirẹ̀ ka àwòrán. Bí ìlà aṣọ bá tín-ín-rín tó ti kámẹ́rà, méjèèjì á kọlu ara wọn, àwọ̀ òṣùmàrè tí kò sí lára aṣọ á sì yọ. Fíìmù inú kámẹ́rà Keïta kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kò fi bá a jà. Ẹ yan aṣọ tí àmì ara rẹ̀ fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ẹ ta á jìnnà sẹ́yìn olórin kó má baà hàn kedere jù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, torí ojú kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà máa ń parọ́. Ẹ fọ ańkárá tuntun lẹ́ẹ̀mejì kí sítáàṣì rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dán. Tó bá jẹ́ pé dúdú àti funfun lẹ fẹ́ kí fídíò jẹ́, ẹ fi kámẹ́rà yẹ aṣọ wò ní dúdú àti funfun kí ẹ tó rà á: pupa àti àwọ̀ ewé tó ń bá ara wọn jà lọ́jà lè di àwọ̀ eérú kan náà, olórin á sì rì sínú aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Keïta ní oòrùn kan. Àwọn tiwa á to LED mẹ́rin, márùn-ún yí olórin ká, òjìji kankan ò ní sí, ojú á wá pẹlẹbẹ bíi páálí. Iná ńlá kan tó. Ẹ na bẹ́ẹ̀dṣíìtì funfun mítà 2 sí 2 sí ẹ̀gbẹ́ olórin, kó jìnnà sí i ní mítà 1.5, ẹ wá gbé iná sẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, aṣọ dúdú ni kí ẹ ta, kì í ṣe funfun. Awọ dúdú kò fẹ́ iná tó le bí kò ṣe iná tó fẹ̀, tí yóò máa dán lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Ojú olórin ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀; bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, léèsì funfun tó wọ̀ ni kámẹ́rà máa gbọ́ tirẹ̀, ojú á sì ṣókùnkùn. Páúdà púpọ̀ náà ń ba nǹkan jẹ́, torí ó ń pa dídán tí ẹ fi iná wá.

Ìṣòro tó kù ni pé fọ́tò kì í mí, ènìyàn ń mí. Àwọn tó ya "Element" fún Kendrick Lamar ní 2017 mọ èyí. Fọ́tò Gordon Parks, onífọ́tò adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ẹran ara wọ̀: ọmọkùnrin tó dùbúlẹ̀ sínú koríko tí kòkòrò tí wọ́n so lókùn ń rìn níwájú orí rẹ̀, àwọn obìnrin Nation of Islam, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, nínú aṣọ funfun, méjèèjì láti 1963. Wọ́n jẹ́ kí ìṣíṣẹ̀ falẹ̀ débi pé ojú ń rí fọ́tò kó tó rí fídíò. Ẹ lè ṣe é nílé: ẹ ya fréèmù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ fi í hàn ní 25, ìdúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin á di mẹ́rìndínlógún. Àmọ́ shutter, ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú sí ìmọ́lẹ̀, á kúrò ní ìdá 1/50 ìṣẹ́jú àáyá bọ́ sí 1/200, ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ lẹ sì máa nílò. Iná NEPA ń lù ní 50 Hz, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú á sì máa ṣẹ́jú lójú fídíò; ti jẹnẹrétọ̀ burú jù, torí eré rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Iná oníbátìrì ló máa gbà yín.

Fọ́tò kan sì wà tí ara ènìyàn kò lè ṣe. Ìdúró olórin Grace Jones lórí ẹsẹ̀ kan, tó wà níwájú páálí àwo "Island Life" ti 1985, Jean-Paul Goude ló gé fọ́tò oríṣiríṣi lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Olùdarí tó ní kí oníjó dúró bẹ́ẹ̀ ń wá ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rọ ni.

Ti ilé náà wà ńlẹ̀. J.D. 'Okhai Ojeikere, onífọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, ó sì tó ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò, púpọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí. Fọ́tò irun Onílé Gogoro rẹ̀ ti 1975 ṣì ń dá ènìyàn dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mú un wọ fídíò, orí àga tó ń yí ni kí olórin jókòó sí. Ẹ má gbé kámẹ́rà yí i ká. Iná kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè wọ àárín ìdì kọ̀ọ̀kan. Iná iwájú á sọ irun kíkó di fìlà.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Àjọ tó ń tọ́jú iṣẹ́ Gordon Parks fi àwọn fọ́tò rẹ̀ tí fídíò Lamar lò ṣe àfihàn lẹ́yìn náà. Ti Rihanna kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2011, onífọ́tò David LaChapelle pè é lẹ́jọ́ ní New York lórí fídíò "S&M", ó ní fọ́tò òun ni wọ́n kó. Adájọ́ kò gbà kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù pátápátá, pàápàá nítorí yàrá aláwọ̀ pínǹkì kan tó jọ fọ́tò "Striped Face". Kí ọdún náà tó parí, wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ṣáájú ìyẹn, ọmọ Guy Bourdin, onífọ́tò ará Faransé, ti pe Madonna lẹ́jọ́ ní 2003 lórí fídíò "Hollywood", ìyẹn náà parí sí kí wọ́n yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Copyright Act 2022, òfin tiwa tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà, kò fún ẹnikẹ́ni ní èrò bíi nǹkan ìní: ẹnikẹ́ni ló lè ta aṣọ sẹ́yìn olórin. Àmọ́ fọ́tò fúnra rẹ̀ ní ààbò fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹni tó bá tún un ṣe látorí aṣọ dórí iná dórí ìdúró ti kúrò nídìí èrò.

Dídárúkọ kò sì náni lówó. Ní 2003, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Red Hot Chili Peppers fi iṣẹ́ Erwin Wurm, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, ṣe fídíò "Can't Stop", wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí òpin fídíò, ó tán.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ojú ewé yín máa bi àwọn olùdarí ní ìbéèrè mẹ́ta: fọ́tò ta lẹ wò kí ẹ tó ya èyí, ta ló tan iná, ṣé ẹ sì kọ̀wé sí oní-fọ́tò tàbí ẹbí rẹ̀? Kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn sábẹ́ àwòrán, kódà bó jẹ́ ìlà kan. Tí wọ́n bá ní àwọn ò wo fọ́tò kankan, ẹ tẹ ìyẹn náà.

Èmi ni tiyín,
Oníkámẹ́rà kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.