Iye wo ni ká kọ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ iṣẹ́?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá lórí ìwé ìròyìn yìí. Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni fi èdè wa ṣàlàyé ẹ̀. Tí èèyàn bá ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, iye wo ló yẹ kó kọ sínú fọ́ọ̀mù káàdì kírẹ́díìtì pé ó ń wọlé fún òun lọ́dún?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, dọ́là 38 ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan, wákàtí 36 ni mo sì ń ṣe lọ́sẹ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn pè mí, wọ́n ní àwọn máa san dọ́là 44. Lẹ́tà wọn dé, iye owó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo máa wọṣẹ́ wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo dá a padà, mo sì kọ̀wé fiṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, tí wọ́n máa ń pè mí sí lópin ọ̀sẹ̀ tí òṣìṣẹ́ wọn kò bá pé. Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ mi kọṣẹ́. Mẹkáníìkì béèrè dọ́là 2,300. Ẹni tó bá mọ Houston mọ̀ pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ níbí, ẹsẹ̀ ló gé e. Mo wá ní kí n gba káàdì tí kì í gba èlé ní ọdún àkọ́kọ́, kí n fi tún ọkọ̀ ṣe, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ tí owó iṣẹ́ tuntun bá ti ń wọlé.

Àwọn ọmọ ti sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́. Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà Social Security, mo kọ gbogbo ẹ̀ wéré. Mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye tó ń wọlé fún mi lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó orí, ọwọ́ mi dúró. Tí mo bá ro ti iṣẹ́ àtijọ́, dọ́là 71,136 ni. Tí mo bá ro ti tuntun, dọ́là 82,368. Tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń béèrè, ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, kò lè ju 14,000 lọ. Àpótí kékeré kan báyìí ló wà níbẹ̀, kò sí àlàyé kankan lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ 14,000.

Wọn ò fún mi. Lẹ́tà wọn dé láìpẹ́ ọjọ́. (Òfin ló ní kí wọ́n dá èèyàn lóhùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí tí wọn kò fi fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀tọ́ yẹn dù yín.) Ìdí tí wọ́n kọ ni pé owó tó ń wọlé fún mi kéré. Báńkì kò ṣẹ̀ mí níbẹ̀, iye tí mo kọ ni wọ́n wò. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti yá owó ọkọ̀, ojú sì ń tì mí títí mo fi san án tán.

Obìnrin kan nínú ìjọ wa tó máa ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi lẹ́yìn náà. Òfin CARD Act tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2009 sọ pé kí báńkì tó fún èèyàn ní káàdì, ó gbọ́dọ̀ wò ó bóyá apá ẹni náà á ká gbèsè ọ̀hún. Ìlànà tí wọ́n fi ń mú òfin náà ṣiṣẹ́ sì gbà kí báńkì wo owó tó ń wọlé fún èèyàn báyìí, tàbí owó tó bọ́gbọ́n mu pé kó máa retí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Lẹ́tà tí èmi àti ilé ìwòsàn jọ fọwọ́ sí, tó ní iye owó, tó ní ọjọ́, tí kì í bá ṣe owó tó bọ́gbọ́n mu láti retí, kí ló tún kù? Ó tún sọ fún mi pé láti ọdún 2013 ni CFPB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà báńkì, ti yí ìlànà náà padà, kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 lè ka owó tí ọwọ́ rẹ̀ ń tó mọ́ tirẹ̀, bí owó ọkọ tàbí ìyàwó. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́, àkáǹtì kan náà la jọ ń ná. N kò ka kọ́bọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí ni ti ẹni tí ìbẹ̀rù mú kọ iye tó kéré. Ti òdìkejì ẹ̀ ló ń dùn mí jù, torí òun ló wọ́pọ̀ láàárín wa. Tí ẹ bá wà níbi àríyá, tí ọ̀rọ̀ káàdì bá ṣẹlẹ̀, ẹ ó gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ pé, "Kọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ wò?" Lóòótọ́ ni pé owó tó ń wọlé fún èèyàn kì í sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni báńkì sì máa ń gba ohun téèyàn bá kọ. Ṣùgbọ́n wọ́n lè béèrè ìwé owó iṣẹ́ nígbàkigbà, wọ́n sì lè ní kó o fọwọ́ sí i kí àwọn gba àkọsílẹ̀ owó orí rẹ lọ́wọ́ ìjọba. Mo mọ bàbá kan tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju dọ́là 46,000 lọ, tó kọ 120,000 nígbà tó ń pààrọ̀ iṣẹ́. Ó gba káàdì mẹ́ta. Iṣẹ́ tuntun náà kò rí bó ṣe rò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó san owó, ọ̀kan nínú àwọn báńkì náà ní kó mú ìwé wá. Kò rí ìwé mú wá. Wọ́n ti káàdì náà pa, gbèsè wà lọ́rùn ẹ̀ pẹ̀lú èlé tó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó tọ lọ́yà lọ láti kéde pé òun ti wọko gbèsè, lọ́yà sọ fún un pé báńkì lè kọ̀ kí kóòtù pa gbèsè náà rẹ́, torí pé irọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló fi gbà á.

Èyí tó yẹ kó ba àwa tí a kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ níbí lẹ́rù tún wà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún báńkì kó lè rí owó gbà, òfin ìjọba àpapọ̀ lè fi í sẹ́wọ̀n títí dé 30 ọdún, ó sì lè gba ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá bù mọ́ owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ń jù sẹ́wọ̀n o. Ṣùgbọ́n tí kóòtù bá dá ẹni tó ń lo green card lẹ́bi jìbìtì, tí owó tó bá a lọ sì ju dọ́là 10,000 lọ, wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Gbogbo ọdún téèyàn fi ṣe wàhálà kó tó débí, ó fẹ́ fi tọrọ káàdì?

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àjọ, torí wọ́n ti bi mí rí. Owó àjọ tó bá kàn ọ́, kódà kó jẹ́ dọ́là 10,000, kì í ṣe owó tó ń wọlé. Owó ara rẹ tó o ti dá sílẹ̀ ló padà wá bá ọ. Owó tí àbúrò fi ránṣẹ́ nígbà kan kì í ṣe é. Ófátáìmù tó o lérò pé wọ́n á fún ọ níbi iṣẹ́ tuntun, tí kò sí nínú lẹ́tà, má kà á. Ilé tó o kọ́ sí Ìbàdàn tí àwọn ayálégbé ń san owó rẹ̀, tí owó ọ̀hún sì ń dé ọwọ́ rẹ, kà á.

Ẹni tó ń kúrò níbi tó ti ń gba 90,000 lọ síbi tí wọ́n ti máa san 60,000 ńkọ́? Ìwé W-2, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ fi ń sọ iye tí wọ́n san fún èèyàn lọ́dún, tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì ń sọ 90,000, ìwé kò sì parọ́. Síbẹ̀, ní tèmi, 60,000 ló yẹ kó kọ. Ó ti mọ̀ pé owó ọ̀hún kò sí mọ́, 60,000 yẹn ló sì máa fi san gbèsè.

Mo fẹ́ kí àwọn báńkì kọ ìlà méjì péré sábẹ́ àpótí yẹn: "Tí o bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, o lè kọ owó iṣẹ́ tuntun tí o bá ti ní lẹ́tà tó sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí o máa bẹ̀rẹ̀." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì ń bẹ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìlú wa gbogbo níbí pé kí wọ́n sọ ọ́ nípàdé, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé má baà jẹ́ pé ìdí àwo ìrẹsì níbi àríyá ló ti máa kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò ọkọ mi pè mí láti Dallas. Ó ń kúrò níbi tó ti ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ó fẹ́ lọ máa wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní, "Ìyàwó wa, mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó, kí ni kí n kọ?" Mo bi í pé lẹ́tà wọn dà. Ó ní kí n má gé fóònù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀, tó ń tú ìwé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó wà níbẹ̀ sí mi létí, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.