Kókó tó yọ sí àbúrò rẹ lára

Ìjẹ̀bú-Òde

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Kókó tó yọ sí àbúrò rẹ ní ìsàlẹ̀ ẹnu ojú ara, lápá òsì, ti gílándì Bartholin ló jọ, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó ń sun omi sí ẹnu ojú ara. Kí wọ́n yé sọ fún un ní Ìperu pé ayé ló ń ṣe é, tàbí pé ọkọ rẹ̀ ló kó àrùn wá. Ó lè yọ sí ẹni tí kò ní àrùn kankan.

Gílándì kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀. Bí obìnrin bá dùbúlẹ̀, tí a fi ẹnu ojú ara ṣe aago, ọ̀kan á wà níbi aago mẹ́rin, èkejì níbi aago mẹ́jọ. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni omi wọn ń gbà jáde. Bí ẹnu ihò yẹn bá dí, omi á kún inú, á wú. Èyí tó bá yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìtọ̀, nǹkan mìíràn ni.

Bí kò bá dùn ún, tí kò sì tóbi, kí ó jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú bàsíà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, fún ọjọ́ mélòó kan. Omi lásán ni o! Dettol, álọ́ọ̀mù àti àgbo á kàn bó o lára ni.

Tó bá wú lójijì, tó gbóná, tí kò lè jókòó dáadáa, ọyún ti wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi bíléèdì kàn án. Kódà bí dókítà bá kàn là á, tó sì fún ọyún inú rẹ̀ jáde, ara á tù ú lọ́jọ́ náà, àmọ́ ojú egbò á pa dé, omi á tún kún. Kí ọ̀nà má dí mọ́ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á la ibẹ̀ bíi mìlímítà 5 láti apá inú, kì í ṣe lórí awọ ìta. Wọ́n á wá ki rọ́bà Word, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní bàlúùnù kékeré lórí, bọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi iyọ̀ mílílítà 2 sí 3 kún bàlúùnù orí rẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí wọ́n bá là á fẹ̀ jù, rọ́bà náà á já bọ́. Níbi tí kò bá ti sí rọ́bà yìí, wọ́n á là á, wọ́n á rán etí àpò náà mọ́ awọ yí i ká kí ẹnu rẹ̀ lè wà ní ṣíṣí. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dà gan-an tí wọ́n bá gé gbogbo gílándì kúrò, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló nílò oògùn apakòkòrò. Ibà, awọ tó ń pọ́n káàkiri, oyún tàbí ìtọ̀ ṣúgà ló ń mú kí wọ́n fún ni.

Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ti lé ní 40, àbí? Nígbà náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan kò tó fún un, bí kò bá tilẹ̀ dùn ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, nítorí jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, máa ń fara jọ ọ́. Ṣàgámù kò jìnnà sí i. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, kí ó béèrè ẹ̀ka àìsàn obìnrin. Sọ fún un lónìí, kí o sì kọ̀wé sí mi ohun tí wọ́n bá rí.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí