Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ gìtá rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o sunkún lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjèèjì ti ra kíbọ́ọ̀dù ńlá kan, pé nínú orin mẹ́ta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀, ekukáká ni èèyàn fi ń gbọ́ gìtá rẹ, àti pé o fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ọ́, àmọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu mi lórí fóònù. Jọ̀ọ́, jókòó kà á.

O mọ àwo orin tó wà lórí àpótí ìwé mi, èyí tí ajá funfun alámì dúdú ń fimú gbóòórùn ẹ̀rọ omi panápaná lára páálí rẹ̀. Ní kékeré, o máa ń bi mí pé kí ni ajá yẹn ń wá. Signals lorúkọ àwo náà. Ẹgbẹ́ Rush ló ṣe é, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ará Kánádà: Geddy Lee tó ń kọrin, tó sì ń ta gìtá béèsì, Alex Lifeson onígìtá, àti Neil Peart onílù, tó tún ń kọ ọ̀rọ̀ orin fún wọn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982 ló jáde. Toronto tí o wà yẹn náà ni mo wà nígbà náà. Mo ń kàwé lọ́sàn-án, mo ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ lálẹ́. Owó oúnjẹ ni mo fi rà á.

Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni mo ń gbé. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé àwo náà, ohùn síńtẹ̀sáísà, irú kíbọ́ọ̀dù oníná kan, ló kọ́kọ́ jáde, ó nípọn, téèyàn bá ń ka ìlù rẹ̀, ó ń yí bọ̀ ní méje méje dípò mẹ́rin mẹ́rin tó mọ́ wa létí. Mo dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jẹ́ kí orin náà máa lọ. "Subdivisions" ni. Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó dàgbà ní àdúgbò ẹ̀yìn ìlú tí gbogbo ilé ti jọra, níbi tí ẹni tí kò bá ṣe bíi tẹgbẹ́ á ti dá wà. Èmi tí kò sẹ́nìkan tó lè pe orúkọ mi bó ṣe yẹ nílé ìwé, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn àwo yìí, ìfẹ́ náà ò sì tíì dín kù.

Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Rush ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1981 ni wọ́n gbé Moving Pictures jáde, èyí tó tà jù nínú gbogbo àwo wọn, gìtá sì wà níwájú níbẹ̀ dáadáa. Ní Signals, síńtẹ̀sáísà gba iwájú, gìtá bọ́ sẹ́yìn. Ọmọ Kánádà tó mú mi mọ Rush gbọ́ ojú kìíní, ó dìde, ó ní òun ò gbọ́ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Inú Lifeson alára ò dùn. Wọ́n ti gbé gìtá rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ jù, kò sì fi pa mọ́. Lẹ́yìn àwo yẹn, ẹgbẹ́ náà àti Terry Brown, tó ti ń darí ìgbàsílẹ̀ wọn láti 1975, pínyà. Lifeson ò lọ síbì kankan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé ni Geddy. Ó ń wò ó lórí ìtàgé tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kíbọ́ọ̀dù, tí ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dáàlì fún ohùn béèsì, tí ẹnu tún wà lẹ́nu makirofóònù, torí wọn ò fẹ́ mú ẹnì kẹrin wọlé. Ṣé ẹni tó ń ṣe wàhálà báyẹn ń lé ọ jáde ni, àbí ó ń wá ohùn kan tó ti gbọ́ lọ́kàn ara rẹ̀?

Fetí sí ohun tí Lifeson ṣe nínú "Subdivisions". Kò bá síńtẹ̀sáísà du àyè. Á ta gìtá, á jẹ́ kó máa dún lọ, á dákẹ́, á tún wọlé. Nígbà tí orin ń lọ sópin, tirẹ̀ wá dé, ó sì ta á bí ẹni tó ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ látàárọ̀. Ní 1984 tí wọ́n ṣe Grace Under Pressure, gìtá ti ń padà bọ̀. Nígbà tó fi máa di 2002, wọ́n ṣe Vapor Trails láìsí kíbọ́ọ̀dù kankan nínú rẹ̀. Ogún ọdún rèé, ọmọ mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jọ wà pọ̀ láti 1974 náà ló jọ ṣeré ìkẹyìn ní agbègbè Los Angeles lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2015. Neil Peart kú ní oṣù Kìíní 2020.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Kí a tó bí ọ, èmi àti ọ̀rẹ́ méjì jọ ń ya àwòrán ilé n'Íbàdàn. Ní 1993, wọ́n ra kọ̀ǹpútà. Èmi tí wọ́n ń yìn nítorí ọwọ́ mi tó dúró lórí pátákó ìyàwòrán, mo rò pé wọ́n fi mí wọ́lẹ̀. N kò bá wọn wí, n kò béèrè ohunkóhun. Mo kó pẹ́ẹ̀nì àti rúlà mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì lọ. Àwo yìí wà nílé mi nígbà yẹn o! Etí mi fẹ́ràn ohun tuntun, ọwọ́ mi ló kọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà ti kú báyìí, a ò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, má ṣe lọ láìsọ̀rọ̀. Pè wọ́n jókòó níbi tí ẹ ti ń po ohùn orin pọ̀, kí o nawọ́ sí ibi tó ń dùn ọ́ gan-an: "Ẹ gbé gìtá sókè níbí, ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù sinmi lọ́hùn-ún." Má ta gìtá kíkankíkan láti fi bo ti wọn mọ́lẹ̀. Wá àlàfo tí kíbọ́ọ̀dù fi sílẹ̀, ó máa ń wà. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ dùn ọ́ níbẹ̀, rántí pé bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Bí o bá ti sọ gbogbo rẹ̀ tí wọn ò gbọ́, pè mí, ká jọ wo ohun tó kù.

Àǹtí rẹ ń bọ̀ ní Toronto lóṣù Kejìlá. Mo ti di àwo náà sínú aṣọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń di ẹyin. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe wà, lẹ́yìn náà kí o tún un gbọ́, kí o fetí lé gìtá nìkan. Nínú "Losing It" lójú kejì, níbi tí gòjé oníná Ben Mink wà, abẹ́rẹ́ á fò. Ìwọ lo fi ìka fa ibẹ̀ lọ́dún tí o pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Rọra tì í, á lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ